Bí A Ṣe Ń Darí Iṣẹ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Tí Ọ̀pọ̀ Ọgbà Yunifásítì Jọ Ń Ṣe

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọgbà yunifásítì bá wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ alákòóso kan ṣoṣo, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi béèrè ìdí tí ọgbà kọ̀ọ̀kan fi ń ra ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún owó-oṣù òṣìṣẹ́, fún ibi ìkówèésí àti fún ímeèlì. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Bí ọgbà mẹ́fà bá ń ra ohun kan náà lọ́nà mẹ́fà, owó ń ṣòfò, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti parí ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì kúrò ní ọgbà kan lọ sí òmíràn yóò tún gbogbo ìwé rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fẹnu kò pé kí a jọ ṣe é ju kí a jọ ṣe é lọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n bá fa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, yálà ọ́fíìsì àpapọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ tàbí òun ni olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ó fi sọ́kàn jù lọ ni pé irú iṣẹ́ yìí kì í sábà bàjẹ́ láti inú ẹ̀rọ. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní àṣẹ láti parí ọ̀rọ̀ ló ti ń bàjẹ́.

Ẹ yan ohun tó yẹ kí ẹ jọ ṣe

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kí àwọn ọgbà jọ máa lò. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà kankan, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ètò kan ṣoṣo tí gbogbo ọgbà yóò máa lò bákan náà ni ẹ nílò, tàbí àdéhùn ìrajà kan tí ọgbà kọ̀ọ̀kan yóò fi ra tirẹ̀ ní owó tó dín, tàbí ìlànà kan tí àwọn ètò tó yàtọ̀ síra yóò máa tẹ̀ lé kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fò lọ sí ti àkọ́kọ́ nítorí pé òun ló dà bí ìṣọ̀kan tòótọ́ lójú wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń náni lówó jù, òun náà ló sì ń pẹ́ jù.

Eduroam, ètò Wi-Fi tí àwọn yunifásítì jọ ń lò, jẹ́ ẹ̀rí bí ọ̀nà kẹta ṣe lè gbéṣẹ́ tó. Ní ọdún 2002 ni Klaas Wierenga, tó ń ṣiṣẹ́ ní SURFnet, àjọ tó ń so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè Netherlands mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, dá a lábàá, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 báyìí. Kò sí sáfà ńlá kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, tó kó orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo àwọn tó ń lò ó jọ sójú kan. Nígbà tí olùkọ́ kan bá dé ọgbà tí kì í ṣe tirẹ̀ tó sì fẹ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà RADIUS tó wà níbẹ̀, ìyẹn èyí tó ń bójú tó yíyẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wò, yóò gbé ìbéèrè náà lọ sí yunifásítì tí olùkọ́ náà ti wá, yunifásítì yẹn ni yóò sì sọ bóyá òun mọ̀ ọ́n tàbí òun kò mọ̀ ọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ìlànà tí gbogbo wọn gbà láti tẹ̀ lé nìkan ni wọ́n jọ ní, ìyẹn nìkan sì ti tó.

Ní ti ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ wá wo iṣẹ́ UCPath, ètò owó-oṣù kan ṣoṣo fún Yunifásítì Kalifọ́níà, tó ní ọgbà mẹ́wàá. Ètò owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti lò ju 30 ọdún lọ, ẹ̀dà mọ́kànlá rẹ̀ ló sì wà káàkiri, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011 láti fi ẹyọ kan rọ́pò gbogbo wọn. Ọ́fíìsì ààrẹ yunifásítì náà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 2015, ọdún 2020 ni àwọn ọgbà tó kẹ́yìn tó wọlé. Ní ọdún 2017, ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà wò gbé ìròyìn jáde lórí bí owó iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sókè tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ sì ń sún síwájú. Èmi kò rò pé ó burú láti ní ètò owó-oṣù kan ṣoṣo; owó-oṣù wà lára àwọn nǹkan tó yẹ kó wà lójú kan. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá yan ọ̀nà àkọ́kọ́ ti gbà láti so àwọn òfin iṣẹ́ pọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìsanwó, oríṣi ìsinmi àti àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó tó so kọ̀ǹpútà kankan pọ̀, òfin sì máa ń pẹ́ yí padà ju ẹ̀rọ lọ.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ètò ìwọlé, ìyẹn ni pé kí ènìyàn lè fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo wọ gbogbo ohun tí wọ́n fún un láyè láti lò ní ọgbà èyíkéyìí. Ìlànà SAML 2.0 ti wà fún iṣẹ́ yìí láti ọdún 2005, àwọn yunifásítì sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Orí ètò ìwọlé ni gbogbo ètò tó kù yóò dúró lé, kò sì fẹ́ kí ọgbà kankan kọ́kọ́ pa ètò tirẹ̀ tì, nítorí náà ó máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń jọ ṣiṣẹ́ kí èyí tó le tó dé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ parí sí lọ́wọ́

Ẹ kọ ìwé kúkúrú kan tí kò ju ojú-ewé mẹ́ta lọ, kí gíwá ọgbà kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i. Kí ìwé náà sọ ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe, ohun tí kò ní ṣe, ẹni tó ń pèsè owó rẹ̀, àti ẹni tó lè pinnu lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ìpinnu yìí ni kókó ìwé náà. Ní tèmi, ìpele mẹ́ta ti tó: àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an láti ọgbà gbogbo lè pinnu lórí bí nǹkan yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ atọ́nà lè pinnu lórí ohun tó kan àkókò, owó àti ìlànà tó kan ju ọgbà kan lọ, àwọn gíwá pẹ̀lú ìgbìmọ̀ alákòóso yóò sì dá sí ohun tó bá fẹ́ yí òfin yunifásítì padà. Ẹ fi gbèdéke sí i. Bí ìpele kan kò bá lè parí ọ̀rọ̀ kan láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, kí ọ̀rọ̀ náà gòkè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti bẹ̀bẹ̀ tàbí kí ó dà bíi pé ó ń fi ẹjọ́ ẹnìkejì rẹ̀ sùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgbìmọ̀ atọ́nà jẹ́ àpéjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Bí iṣẹ́ náà bá kan àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn rẹ́jísírà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ohùn wọn yóò sì wúwo; bí ó bá kan owó, àwọn bọ́sà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ parí pátápátá, tó sì ń ṣiṣẹ́ geere, tí ọ́fíìsì rẹ́jísírà kò sì lò nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń gba èsì ìdánwò wọlé. Ẹni tó ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ni ètò náà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìbò tún wà, ó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Bí ẹ bá fún ọgbà kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ọgbà ńlá tó ń san owó jù yóò máa rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Bí ẹ bá sì fi iye akẹ́kọ̀ọ́ pín ìbò, ọgbà kékeré kò ní bá yín jókòó mọ́ ju ìpàdé méjì lọ. Èmi fara mọ́ ìbò kan fún ọgbà kan lórí ìlànà, kí ọ̀rọ̀ owó sì nílò ìfọwọ́sí àwọn tí owó náà yóò ti ọ̀dọ̀ wọn jáde. Ẹ sì rántí pé ọgbà kékeré lè ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré tí wọ́n ń ṣe gbogbo nǹkan. Bí ẹ bá pe ìpàdé mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ àjọṣe, ẹ ti sọ fún ọgbà náà pé kí ó pa sáfà rẹ̀ tì. Ìpàdé iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ àti ìpàdé ìgbìmọ̀ atọ́nà kan lóṣù ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ohun tó bá kù, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.

Kí ìwé ìpinnu kan wà tí gbogbo ọgbà lè ṣí wò nígbàkígbà. Kí ó ní ọjọ́, ohun tí ẹ pinnu, ìdí tí ẹ fi pinnu rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ àti ohun tí ẹ kọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú kéré ìdí yẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì, olórí tuntun yóò dé sí ọgbà kan, yóò sì béèrè ìdí tí nǹkan fi rí báyìí. Bí ẹ kò bá ní ìdáhùn tó wà lákọsílẹ̀, ẹ ó tún gbogbo àríyànjiyàn náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dátà, ibi tí àkókò ń wọlé sí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Kò sí ọgbà méjì tí àkọsílẹ̀ wọn bára mu. Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ lójú, ìyẹn ni ta ni akẹ́kọ̀ọ́, lè gba oṣù kan. Ṣé ẹni tó ti gba lẹ́tà ìgbaniwọlé ṣùgbọ́n tí kò tíì san owó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́? Ẹni tó gba àyè láti sinmi fún ọdún kan ńkọ́? Ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́ ṣùgbọ́n tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde ńkọ́? Ọgbà kọ̀ọ̀kan ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fún ara rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ìdáhùn náà sì ti wọ inú owó tí wọ́n ń gbà, inú káàdì ibi ìkówèésí àti inú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹ kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fi ẹni kan ṣe olùtọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé olùtọ́jú yìí wá láti ọ́fíìsì tó ń lo dátà náà, kì í ṣe láti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ḿbà ìdánimọ̀. Nọ́ḿbà tí ọgbà kan fún akẹ́kọ̀ọ́ lè bá ti ẹlòmíràn ní ọgbà mìíràn mu gẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ ṣe nọ́ḿbà tuntun kan tó jẹ́ ti gbogbo ètò yunifásítì, tí kò ní ìtumọ̀ kankan nínú. Nọ́ḿbà tó bá gbé ọdún ìwọlé, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ àti orúkọ ọgbà yóò di irọ́ ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá yí ẹ̀ka padà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ḿbà àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ má sì ṣe tún fi nọ́ḿbà ẹnikẹ́ni fún ẹlòmíràn láé, kódà lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti lọ.

Orúkọ ènìyàn tún gba ìṣọ́ra. Kí gbogbo ètò tí ẹ bá rà lè gba Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, kí ó sì fi orúkọ pa mọ́ bí ẹni tó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà tó ní àmì lórí àti lábẹ́, bíi «ẹ́» tàbí «ọ̀», ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan lè mú lẹ́tà tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kí ó tó fi àmì ohùn kún un, òmíràn lè to lẹ́tà lásán àti àmì méjèèjì tẹ̀ léra. Ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ọgbà kan bá fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ tí òmíràn sì fi ti ìkejì ránṣẹ́, ẹnì kan náà yóò di ènìyàn méjì nínú àkọsílẹ̀ yín. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ sọ gbogbo orúkọ di irúfẹ́ NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀ tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwárí máa rí orúkọ náà bóyá ẹni tó ń wá a fi àmì sí i tàbí kò fi sí i.

Fífọ dátà mọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọgbà tó ni dátà náà. Ọ́fíìsì àpapọ̀ lè ṣe irinṣẹ́ tó ń fi àṣìṣe hàn, ó sì lè gbé àtẹ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nípa bí ọgbà kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n òun kò lè mọ èwo nínú ọjọ́ ìbí méjì ló jẹ́ òótọ́. Ẹ gbé dátà láti ètò àtijọ́ sí tuntun, ní ìdánrawò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta kí ọjọ́ gidi tó dé, kí ẹ sì ka iye tó jáde mọ́ iye tó wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe lo orúkọ àti èsì gidi ti akẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ ìdánrawò tí gbogbo alágbàṣe lè wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí wọn padà kí ẹnikẹ́ni má lè dá wọn mọ̀.

Owó àti àdéhùn

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà pín owó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó mọ iye tí yóò jẹ́, torí pé lẹ́yìn tí iye bá ti jáde, ọgbà kọ̀ọ̀kan yóò máa gbèjà ọ̀nà tó dín tirẹ̀ kù. Ọ̀nà tó tọ́ lójú mi ni kí apá kan jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ọgbà, nítorí pé iṣẹ́ kan wà tí a kò lè ṣe kéré fún ẹnikẹ́ni, kí apá tó kù sì tẹ̀ lé iye àwọn tó ń lò ó. Ẹ kọ owó ìtọ́jú ọdọọdún mọ́ owó ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ àkókò òṣìṣẹ́ ọgbà pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ń yọ òṣìṣẹ́ lọ́ọ́fíìsì wọn fún kì í ṣe ọ̀fẹ́, kódà bí kò bá sí ìwé owó kankan tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Nínú àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ta ètò náà, kí ó hàn gbangba pé yunifásítì ló ni dátà rẹ̀, pé yóò gbà á padà pátá ní irúfẹ́ tí ètò mìíràn lè kà bí àdéhùn bá parí, pé ọgbà tuntun lè darapọ̀ ní iye kan náà, àti pé ọgbà tó bá jáde kò ní fọ́ àdéhùn àwọn tó kù. Kí agbẹjọ́rò kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ọgbà kan bá ní òun yàtọ̀

Gbogbo ọgbà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni nígbà mìíràn: ọgbà tó ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lóru tí ọgbà mìíràn kò ní, ọgbà tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn sì ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nígbà mẹ́rin lọ́dún. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ohun tí wọ́n pè ní ìyàtọ̀ ni bí ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà nígbà kan rí ṣe fẹ́ kó rí. Ẹ béèrè ohun tí yóò bàjẹ́, fún ta ni, bí ọgbà náà bá tẹ̀ lé ìlànà gbogbogbòò. Bí ìdáhùn bá jẹ́ òfin, ààbò ènìyàn tàbí owó tí yóò sọnù, ẹ fún wọn ní àyè ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ẹ ó tún un yẹ̀ wò sí i. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé a ti mọ́ ọn lára, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ rí i pé bí ẹ ṣe ń bi ọgbà kékeré léèrè náà ni ẹ ń bi ọgbà ńlá. Bí olórí ọgbà tó lágbára bá lè fi ìpè fóònù kan gba àyè ọ̀tọ̀, kò sí ìlànà mọ́.

Àyè ọ̀tọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbà ni ẹnì kan yóò ní láti tún dán wò ní gbogbo ìgbà tí ètò náà bá gba àtúnṣe, fún gbogbo ọdún tí ètò náà bá fi wà. Ẹ sọ èyí fún ọgbà tó ń béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí owó ìdánwò náà wà nínú ìpín tirẹ̀. Ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn tún ìbéèrè wọn rò.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ gba kàlẹ́ńdà gbogbo ọgbà, ẹ tò wọ́n sórí ara wọn, kí ẹ sì fa ìlà pupa sí ìgbà ìforúkọsílẹ̀, ìgbà ìdánwò, ìgbà tí èsì ń jáde àti ìparí ọdún ìṣúná. Ní àwọn ìgbà yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà àfi bí ó bá jẹ́ láti dí ihò ààbò. Bí ọgbà bá pọ̀, àyè tó ṣẹ́ kù lè má ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lọ́dún. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n níbẹ̀rẹ̀ ju kí ẹ kàn án lójú ọ̀nà.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọgbà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ yan ọgbà kan gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú, kí ó má jẹ́ èyí tó kéré jù, nítorí pé kò ní fi ìṣòro àwọn ńlá hàn, kí ó má sì jẹ́ èyí tó tóbi jù, nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ yóò kan ènìyàn púpọ̀. Ọgbà tí rẹ́jísírà tàbí bọ́sà rẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn ló dára jù. Fún ètò owó-oṣù, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun ṣírò owó fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wá ìdí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó kéré tó. Kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ kọ ohun tí yóò mú yín padà sí ti àtijọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lè sọ pé kí ẹ padà àti aago tí pípadà kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Nígbà tí ètò náà bá ti ń ṣiṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ ọgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ yóò bá, nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀, kí ó sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti gbé ohun tó bá ju agbára rẹ̀ lọ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àpapọ̀. Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹgbẹ́ àpapọ̀ yóò fi dáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e jáde lóṣooṣù bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ sí, ọgbà sí ọgbà, kí ó lè hàn bí ọgbà tó jìnnà bá ń dúró pẹ́ ju àwọn tó kù lọ.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ètò àtijọ́ tí ẹ kò pa ṣì ń jẹ owó, dátà ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tún ihò ààbò rẹ̀ dí mọ́. Ẹ fi ọjọ́ sí i fún ọgbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tí àwọn gíwá fọwọ́ sí. Ẹ gbé ohun tí òfin ní kí ẹ tọ́jú lọ sí ibi ìpamọ́ tí ẹ ti dán wò pé a lè kà á, ẹ fi ẹni tí yóò máa dá ìbéèrè nípa rẹ̀ lóhùn síbẹ̀, ẹ gba gbogbo àṣẹ ìwọlé padà, kí ẹ sì pa sáfà náà.